Lẹ́yìn Àga Ńlá

"Gbé sísọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀, Abẹ́rẹ́."

Ọ̀gá kò pariwo. Ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ ló dúró sí, ìdì fóòmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ rà wà ní èjìká rẹ̀, ó sì ń wo àga tó wà láàárín ilé. Àga onítìmùtìmù ńlá ni, irú èyí tí èèyàn méjì lè jókòó sí dáadáa kí ẹnì kẹta tún rọra há ara rẹ̀ mọ́ wọn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Abẹ́rẹ́ fi gé aṣọ rẹ̀, tó fi rán an, tó fi kàn án mọ́ igi títí tó fi gún régé. Ní báyìí, aṣọ náà ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, fóòmù ti yọ síta lójú mẹ́ta. Obìnrin tó rán an náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, tó ń mí bí ẹni tó sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Ó gbé e sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá."

"Mi ò tíì bínú. Mo ṣì ń wò ó ni." Bàbá náà sọ fóòmù kalẹ̀, ó fa àpótí kan, ó jókòó. Ó wo apá ọmọbìnrin náà, apá òsì, apá ọ̀tún. Nígbà tó rí i pé kò sí ẹ̀jẹ̀ níbì kankan, ó mí kanlẹ̀. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ó dáa. Ta ló ń lọ?"

Abẹ́rẹ́ gbójú sókè wò ó. Kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ ti kọ́ bàbá náà pé nǹkan méjì ló lè sọ obìnrin yìí di ìjì: kí ilẹ̀kùn gbá gbàmù lójijì, àti kí ẹni tó fẹ́ràn sọ pé òun ń lọ.

"Bọ̀dá mi ni," ó ní. "Wọ́n ń kó kúrò nílùú. Sátidé yìí."

Kì í ṣe Abẹ́rẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Ọ̀gá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé ìsọ̀, ó ní ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú, kò sì sí ohun tó ya tí kò lè so pọ̀, àfi lọ́jọ́ tí inú bá ń bí i. Bàbá náà fúnra rẹ̀, Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí àga ló ń tún ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Àlejò tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á rò pé ó ń darí ẹgbẹ́ kan ni, á máa kí i tìtẹ̀ríba. Òun náà á sì gba ìkíni bí ẹni tí wọ́n dìbò yàn. "Alága ni mí lóòótọ́," ni yóò wí. "Mẹ́rìnlá ni mo ní nínú ìsọ̀. Mẹ́fà nínú wọn ò lẹ́sẹ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni bọ̀dá rẹ̀ pè é lórí fóònù. Iléeṣẹ́ omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti gbé e ga, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn tó tó ìrìn wákàtí méje. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìwé náà ti dé. Kò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ ni.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o ti mọ̀?" ni Abẹ́rẹ́ wí.

Bọ́rọ̀ ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. *O* ló pè é, kì í ṣe *ẹ*. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bó ṣe pè é bẹ́ẹ̀ tán, kò lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́. "Máa lọ. Mi ò ní ẹ̀gbọ́n. Má pè mí mọ́ láyé." Ó pa fóònù. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wakọ̀, kò gbé e. Ó pè é títí, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àtẹ̀jíṣẹ́. Kí wákàtí kan tó pé, ó ti lé e lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti bẹ̀ ẹ́ kó má lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìgbà yẹn ló na ọwọ́ mú sísọ́ọ̀sì.

"Aṣọ ìyá àgbà tíṣà tó ni àga yìí ni èyí," ni Ọ̀gá wí, ó fi ìka kan gbé etí aṣọ tó ya. "Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́."

"Mo mọ̀."

"Ìwọ lo máa sọ fún un."

"Ẹ ò ní lé mi?"

"Kí n lé ọ, kí o wá máa sọ pé o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo máa lé ọ?" Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún. "Mi ò ráyè ìyẹn. Tú àga náà. Yọ ìṣó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, má fi agbára fà á. Ọ̀la ni ọjọ́ dókítà rẹ, o ò sì gbọdọ̀ pa á jẹ."

Abẹ́rẹ́ dojú àga náà délẹ̀, ó mú irin tí wọ́n fi ń yọ ìṣó. Ẹ̀yìn àga kì í rẹwà. Aṣọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n máa ń kàn mọ́ ọn, nítorí ògiri ló ń kọjú sí; ta ni yóò wò ó? Ṣùgbọ́n ní tirẹ̀, ẹ̀yìn àga ló kọ́kọ́ mọ̀ dunjú láyé, kó tó mọ iwájú rẹ̀.

Ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ti dàgbà, òun àti bọ̀dá rẹ̀. Ilé gígùn ni, ogún ẹnu ọ̀nà lórí ìlà kan, yàrá méjì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, páànù pupa lórí gbogbo wọn. Tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lẹ́yìnkùlé, àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa jó, ìyá wọn á sì na ọwọ́ sẹ́yìn gbé e lé ara kọ́bọ́ọ̀dù náà láìwò ó, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Bàbá wọn ni gáàdì, ẹni tó máa ń dúró sí kóòṣì ìkẹyìn láti ju àsíá kí awakọ̀ tó ṣí. Lọ́jọ́ tó bá dára, á gbé ọmọbìnrin rẹ̀ lé èjìká, á fi àsíá sí i lọ́wọ́. "Fì í, ìyá mi," ni yóò wí. "Ọkọ̀ ò lè lọ láìsí àṣẹ rẹ." Ó fì í, ọkọ̀ sì lọ. Ọmọ ọdún márùn-ún gbà lóòótọ́ pé ọwọ́ òun ló ń lé gbogbo irin yẹn lọ. Òórùn epo ẹ̀rọ pẹ̀lú ọṣẹ ni òórùn bàbá rẹ̀. Títí dòní, tí mẹkáníìkì bá kọjá lára rẹ̀ ní títì, inú rẹ̀ á kọ́kọ́ dùn kó tó bà jẹ́.

Nítorí àwọn ọjọ́ mìíràn wà. Bàbá wọn máa ń súfèé tó bá ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ìfé, wọ́n á sáré lọ pàdé rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé gbígbá ilẹ̀kùn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, bọ̀dá rẹ̀ á fà á lọ́wọ́ wọ ẹ̀yìn àga ńlá tó wà ní pálọ̀. Wọ́n á jókòó síbẹ̀, ẹ̀yìn mọ́ ògiri, orúnkún mọ́ àyà. Bọ̀dá á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò tóbi. Ohùn ìyá wọn ń gba àárín ìka wọlé. Abẹ́rẹ́ á máa wo orí ìṣó tó tò lẹ́yìn àga, á máa kà wọ́n títí wọn á fi dà rú mọ́ ọn lójú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bọ̀dá á ṣí ọwọ́ kan díẹ̀, á pa ààlọ́ sí i létí, á tún tètè bò ó. Nígbà tí ààlọ́ tó kọ́ níléèwé tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun tirẹ̀.

"Ó ní apá méjì, kò gbá ẹnikẹ́ni létí rí. Kí ni o?"

"Àga."

"Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kò sá lọ rí."

"Àga náà ni."

"O ti gbọ́n jù."

Ọmọ ọdún méje ni Abẹ́rẹ́ nígbà tí ìyá wọn lọ. Ọ̀sán ni. Ó ti iléèwé dé, ó sùn. Nígbà tó jí, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Bọ̀dá rẹ̀ ní ìyá wọn lọ ra òwú. Oṣù mẹ́jọ ni Abẹ́rẹ́ fi ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn iléèwé, tó ń retí òwú. Ìyá wọn padà wá kó wọn lọ́sàn-án mìíràn nígbà tí bàbá wọn wà lẹ́nu iṣẹ́, ayé wọn sì tòrò díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn òbí méjèèjì ti kú báyìí. Ilé rélùwéè náà, wọ́n ti wó o. Nínú gbogbo ayé, èèyàn méjì péré ló kù tó mọ bí àwọn ife yẹn ṣe ń jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀kan nínú wọn ló sì ń kó lọ ní Sátidé.

Dókítà tó ń rí ní gbogbo Ọjọ́rú kò ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Gíláàsì ojú rẹ̀ máa ń yọ̀ wálẹ̀ sórí imú, á sì máa tì í padà bí ẹni tó ń ti fèrèsé. Abẹ́rẹ́ rò ó fún un láti orí fóònù dórí sísọ́ọ̀sì.

"Nígbà tí ẹ gé e tán, báwo ló ṣe rí?"

"Ó rọrùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ojú tì mí débi pé kí ilẹ̀ lanu ló kù."

"Ṣé ó wá sí yín lọ́kàn láti ṣe ara yín léṣe?"

Abẹ́rẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó wá. Àga ló gbà á fún mi."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ láìyí ojú padà. Ó bi í léèrè ẹni tó máa pè tó bá tún rí bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ́ kó lọ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn títí tó fi dárúkọ Ọ̀gá, àti nọ́ńbà ilé ìwòsàn náà.

"Ẹ ní lónìí lẹ máa sọ ohun tó ń ṣe mí," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Oṣù karùn-ún rèé."

"Méjì ni wọ́n."

"Orí kan ṣoṣo ni mo ní, ẹ wá orúkọ méjì fún un."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ti gíláàsì rẹ̀ sókè. "Èkínní ni ìpayà tí kò tán lára. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ó sì ti kọjá, àmọ́ ara ò gbà pé ó ti kọjá. Ilẹ̀kùn gbá lónìí, kí ẹ tó ronú, ara yín ti wọ ẹ̀yìn àga ìgbà yẹn lọ. Èkejì ni èyí tó ń mú kí ìfẹ́ àti ìbínú yín máa ròkè bí ọwọ́ iná, tí ẹni tí ẹ fẹ́ràn jù láàárọ̀ fi ń di ọ̀tá lọ́sàn-án. Ẹ̀rù ń bà yín pé wọ́n máa já yín jù sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ wá ń kọ́kọ́ já wọn jù. Ẹlòmíràn máa ń ní ọ̀kan láìní èkejì. Ojú ẹlòmíràn rí màbo ní kékeré, kò sì ní ìkankan. Àmọ́ ní tiyín, mo rò pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà wọlé."

"Ṣé ìwà burúkú ni?"

"Ọgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ó dáàbò bò yín nígbà yẹn. Ẹ̀yin ti dàgbà, òun ni kò dàgbà."

Lójú fèrèsé, ẹnì kan ń gbá ewé jọ nínú ọgbà ilé ìwòsàn, ìró ìgbálẹ̀ náà ń lọ, ó ń bọ̀.

"Ṣé ó máa ń lọ?"

"Ó máa ń rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bọ́ nínú rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Tó bá tún gbóná, ẹ fọwọ́ sábẹ́ omi tútù, kí ẹ bi ara yín pé: ṣé tòní ni, àbí ti ìgbà yẹn? Ẹ má pinnu ohunkóhun kí ẹ tó mọ èyí tó jẹ́."

Ó ti dìde tán kó tó sọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Dókítà, ilé yẹn máa ń wù mí. Ilé tí wọ́n ti ń na ìyá mi. Tí wọ́n bá ní kí n yan ọjọ́ kan láyé tí mo lè padà sí, ibẹ̀ ni mo máa lọ. Ṣé ìyẹn náà, àìsàn ni?"

"Kí lẹ máa ṣe tí ẹ bá débẹ̀?"

Abẹ́rẹ́ rò ó. "Màá fi àsíá kí ọkọ̀ lè lọ."

"Kì í ṣe àìsàn," ni dókítà wí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyá àgbà tíṣà wá wo àga rẹ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Igi àti apá rẹ̀ nìkan ló bá nílẹ̀. Ọ̀gá lọ dúró sí kọ̀rọ̀, ó ń wá nǹkan tí kò sọnù nínú agolo ìṣó.

"Èmi ni mo gé aṣọ yín, mà," ni Abẹ́rẹ́ wí. Ó ti fi gbogbo ọ̀nà dá ọ̀rọ̀ náà rò. "Kì í ṣe àṣìṣe. Inú ló bí mi, mo fi sísọ́ọ̀sì ya á."

Ìyá àgbà wo igi, ó wo òun náà, bí ẹni tó ń wo ọmọ tó pẹ́ dé kíláàsì. "Ṣé àga náà ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Rárá, mà."

"Kò ṣẹ èmi náà rí." Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ sórí apá àga. Abẹ́rẹ́ ti tú aṣọ olódòdó tó wà lókè, aṣọ àtijọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti hàn: àwọ̀ ilẹ̀ tó ki, ìlà funfun tín-ínrín nínú rẹ̀, ojú kan lórí rẹ̀ ti gbó tó fi ń dán. Ìyá àgbà fi ọ̀pá ti ara àga, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ojú ibẹ̀. "Ó ṣì wà," ó ní. "Ọkọ mi ló máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ lé ibí yìí tó bá ń ka ìwé ìròyìn. Gbogbo ìròyìn tí kò dáa, ó máa ń kà á sókè kí n lè gbọ́." Ó gbé àtàǹpàkò kúrò níbẹ̀. "Ọmọ mi ló ní kí wọ́n fi òdòdó bò ó. Òdòdó ò ṣe mí ní nǹkan kan, àmọ́ èmi kọ́ ni mo bẹ̀ ẹ́."

"Màá wá èyí tó jọ ọ́, mà. Tí mi ò bá rí i, màá tọ́jú èyí tó kù, màá fi bo ibi ìgbọ̀nwọ́ nìkan."

"Apá ọ̀tún," ni ìyá àgbà wí. "Ọ̀tún ló máa ń lò." Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà sí Ọ̀gá. "Alága, tí mo bá ń bọ̀ wá gbé e, ẹ kọ́kọ́ bá mi gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni Ọ̀gá yọjú sí ẹ̀yìn ìsọ̀ níbi tí Abẹ́rẹ́ ti ń fá ara igi àga náà. "Ẹ̀gbọ́n tí o sọ pé o ò ní, ó wà lẹ́nu ọ̀nà," ó ní, ó sì lọ.

Bọ̀dá rẹ̀ wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èèyàn ńlá ni, orí rẹ̀ tètè pá, ohùn rẹ̀ kì í sì í ga. Ó wo àga oníhòòhò náà. "Ṣé yóò gbà mí?"

"Igi rẹ̀ le," ni Abẹ́rẹ́ wí láìwo ojú rẹ̀. "Ẹ jókòó."

Ó jókòó. "Mo ka gbogbo ohun tí o kọ."

"Ẹ nù wọ́n nù."

"Mo ti nù wọ́n. Èyí tí o pè mí ní 'o' lórí fóònù ni mi ò lè nù. Mo rò pé mo ti di àbúrò ni."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Abẹ́rẹ́, ó gbé e mì. "Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù mi?"

"Ẹ̀rù rẹ, àti ẹ̀rù ara mi." Ó fi ọwọ́ nu orí rẹ̀ tó pá. "Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Ìyàwó mi ní tí mi ò bá sọ ọ́ kí n tó lọ, òun máa sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ìyá wa lọ, mo mọ̀."

Abẹ́rẹ́ gbé ohun tó fi ń fá igi sílẹ̀.

"Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé báàgì búlúù kan lọ́wọ́. Wọ́n ní, 'Má jí i. Tó bá jí, sọ pé mo lọ ra òwú. Màá padà wá kó yín.' Mo ní mo gbọ́. Ká ní mo pariwo, o máa jí. Ká ní o jí, wọn ò ní lè lọ. Mi ò pariwo. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń wò ọ́ lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà yẹn."

Etí Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi pa á mọ́. Òun náà ló wá ń kó lọ báyìí. Ọ̀rọ̀ ti tò sẹ́nu rẹ̀, ó mọ adùn wọn: *Jáde. Mi ò fẹ́ rí ọ mọ́.* Sísọ́ọ̀sì wà lórí tábìlì, kò jìn. Ó yí padà, ó jáde gba ẹ̀yìn, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó sì ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

Ṣé tòní ni, àbí ti ìgbà yẹn?

Omi ń dà. Ó gbìyànjú láti rí ọkùnrin tó wà nínú ilé, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ń rí, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ ń lọ, tó gbé irọ́ kan dání tí wọ́n ní kó tọ́jú. Lẹ́yìn rẹ̀ ló rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn àga, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà létí ẹlòmíràn. Gbogbo ọdún tó fi ń rántí ibẹ̀, ọwọ́ yẹn ló máa ń rántí. Kò wo ojú ẹni tó ni ọwọ́ rí.

Ó pa omi. Nígbà tó wọlé, bọ̀dá rẹ̀ ṣì wà níbi tó fi í sí.

"Nígbà tí ẹ ń bo etí mi," ó ní, "ta ló ń bo tiyín?"

Bọ̀dá rẹ̀ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí orúnkún, ó ń wò wọ́n. "Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀," ó ní níkẹyìn.

Abẹ́rẹ́ jókòó tì í lórí igi àga. Níta, Ọ̀gá ń kan ìṣó mọ́ nǹkan kan, ó rọra ń kàn án, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dún.

"Ìgbà méjì ni wọ́n padà wọlé lọ́jọ́ yẹn," ni bọ̀dá rẹ̀ wí. "Wọ́n ti dé géètì, wọ́n tún padà. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n kàn dúró wò ọ́. Nígbà kejì, wọ́n fa aṣọ bò ọ́ lẹ́sẹ̀."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Méjèèjì. O sì ta á nù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ń sunkún, àmọ́ ìyẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín."

Ó pa òun náà lẹ́rìn-ín, omijé sì tẹ̀ lé e, ó ń fi apá aṣọ iṣẹ́ nù ún, eruku igi ń lẹ̀ mọ́ ọn lójú. "Bọ̀dá mi, ẹ̀rù ń bà mí. Tí ẹ bá lọ, kò ní sí ẹni tó mọ ilé yẹn mọ́ ní tòsí mi."

"Mò ń kó lọ ni. Mi ò kú."

"Mo mọ̀. Ara mi ni kò mọ ìyàtọ̀."

"A ó jọ máa kọ́ ọ," ni bọ̀dá rẹ̀ wí.

Kò sí ẹni tí Abẹ́rẹ́ ti dúró sìn dé òpin rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n jáde iléèwé girama, ó ti sá lọ sílé kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ ara wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn, kò dúró kí wọ́n fi erùpẹ̀ bo sàréè tán. Kí wọ́n tó fi òun sílẹ̀, òun á ti lọ. Nítorí náà, nígbà tó dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé tí wọ́n ti di ẹrù tán sínú ọkọ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ bi í. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni obìnrin náà ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn, nítorí ìyàwó kì í dárúkọ ọmọ tó bá nílé.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ṣé ẹ ti ń lọ ni?"

"Mo dúró," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ̀yin lẹ ń lọ."

Ó dúró lẹ́bàá fèrèsé ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Láti lè dúró ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Ọ̀gá sítéṣọ̀n ní ajá kan. Ẹ rántí?"

"Èyí tí etí rẹ̀ kan wálẹ̀. Sájẹ́ńtì."

"Sájẹ́ńtì kọ́. Kọnsítébù."

"Kọnsítébù ló kọ́kọ́ jẹ́. Wọ́n gbé e ga nígbà tó yá."

"Ta ló gbé ajá ga?"

"Bàbá wa ni. Ọjọ́ tí ajá náà lé olè tó fẹ́ jí epo. Bàbá wa to gbogbo ọmọ ilé rélùwéè sórí ìlà, wọ́n ní ká kí i bí ológun, wọ́n sì ka ìwé ìgbéga lórí páálí sìgá. Èjìká wọn lo wà. O ò rántí?"

Kò rántí. Gbogbo ohun tó kó pamọ́ láti ilé yẹn, kò sí èyí nínú wọn. "Ẹ ń parọ́," ó ní.

"Bi Sájẹ́ńtì," ni bọ̀dá rẹ̀ wí, ó sì ṣáná sí ọkọ̀. "Mo ṣì ní púpọ̀ tí o ò mọ̀. Tí mo bá débẹ̀, màá pè."

Ọkọ̀ náà rọra bọ́ sí títì. Abẹ́rẹ́ kò sáré, kò yíjú. Ó wò ó títí ó fi kọjá ilé elépo, títí ó fi yà, ó sì tún dúró díẹ̀ sí i lẹ́yìn tó ti yà. Ó dùn ún. Ó dùn ún lábẹ́ egungun àyà, ní ojú kan báyìí, bí ibi tí wọ́n ti yọ ìṣó. Nígbà tó rí i pé òun ṣì wà lórí ìdúró, ó rìn lọ sí ìsọ̀.

Ọ̀gá nìkan ló bá níbẹ̀, ó ń kun igi lọ́dà. Kò gbójú sókè. "Ó ti lọ?"

"Wọ́n ti lọ." Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó so okùn rẹ̀ lẹ́yìn, ó tún tú u so dáadáa. "Ọ̀gá, mo fẹ́ gba ọjọ́ mẹ́ta ní ìparí oṣù. Mo fẹ́ lọ wo ilé tuntun tí wọ́n kó lọ."

Búrọ́ọ̀ṣì bàbá náà dúró lórí igi. Ó wo ibẹ̀ pẹ́, bí ẹni tó ń wá ibi tí ọ̀dà kò dé.

"O máa padà wá?"

Ohùn rẹ̀ ló mú kí Abẹ́rẹ́ wò ó. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè bi òun ní ìbéèrè yẹn.

"Màá padà wá, Ọ̀gá."

"Ọjọ́ mẹ́ta," ni Alága wí, ó sì ti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bọ inú ọ̀dà. "Mi ò gbọ́ mẹ́rin o."